Ọwọ́ Lára Irin Funfun

"Kò tíì dán tó," ni awò náà wí.

Ìbíyẹmí yọ ọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó tún gbé e padà. Awò kékeré tí ń wọn dídán irin ni, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ìsádi kò sí ọba tí àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ tó tirẹ̀. Ó tan iná pupa. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní ohùn obìnrin tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ̀: "Kò tíì dán tó. Ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde."

"Mo ti gbọ́," ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn. "Àbí mo ní mi ò gbọ́?"

Mosúnmọ́lá, tó ń nu ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu obìnrin yìí kì í dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ máa bá a tahùn, màmá. Lọ́jọ́ tó bá bá yín jà padà, ẹ má pè mí wá là yín o. Màá ti sá dé ilé."

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìbíyẹmí ìbá ti fún un lésì tí gbogbo Ilé Ìnurin yóò fi di ìdí mú. Kò sí anurin kankan níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Lónìí, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó fa aṣọ ìnurin bo àárín ilẹ̀kùn náà, ó sì dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ara bo ohun tí kò fẹ́ kí ará ilé rí.

Ọkọ̀ aláìsàn ni. Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀, bí kò ti sí lára ọkọ̀ kankan mọ́ láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ etí omi tí gbogbo wa sì gun òkè wá. Irin funfun lásán ni láti orí dé ìdí, irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún. Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún wà ní iwájú orí rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ló ti jókòó sínú oòrùn ní àfonífojì, lẹ́bàá Ilé Ìtọ́jú, nítorí ọkọ̀ tó bá gbé oníbà òógùn, àìsàn tó ń ràn, kò gbọdọ̀ padà sáàárín ìlú kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ìrọ̀lẹ́ àná ló fúnra rẹ̀ gun òkè padà dé, òun nìkan nínú ọkọ̀ aláìsàn mẹ́fà tí ìlú ní. Ẹrẹ̀ àti eruku bò ó débi pé àwọn ọkọ̀ tó bá a pàdé lọ́nà kò rí i rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́nu ọkọ̀ akẹ́rù.

"Ọkọ̀ tí kò bá dán, ìwin ni lójú títì," ni àwọn anurin máa ń wí. Ara dídán ni àwọn ọkọ̀ aláìnídírẹ́bà yìí fi ń mọ̀ pé ẹnìkejì ń bọ̀.

Láti àárọ̀ ni Ìbíyẹmí ti dojú kọ ọ́. Ó fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí yanrìn má baà ha irin. Ó fi ọtí kíkan nu ibi tí omi òjò gbẹ sí. Ó wá ibi tí irin sùn sí, torí irin funfun ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín bí ìlà pákó, ẹni tó bá sì nù ún lódì sí ìlà yẹn ti sọ ọ́ di irin olójú hẹ́ẹ̀rẹ̀hẹ́ẹ̀rẹ̀. "Bí irin bá ṣe sùn ni kó o ṣe nù ún": ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Apá òsì dán. Ẹ̀yìn dán. Ó dé ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó da omi sí i, eruku sì ṣàn lọ.

Ọwọ́ kan wà níbẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ga níwọ̀n èjìká ènìyàn. Ní Òkè-Ìsádi, èyí nìkan tó láti mú àyà anurin já. Kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ lásán kan irin níbí, torí òógùn ọwọ́ a máa ba irin jẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pàápàá, ìbọ̀wọ́ kékeré méjì a máa wà láàárín oyin àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí Ìbíyẹmí fa aṣọ bò ó. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ náà kúrú. Ní oríkèé ló ti dópin.

Ó mọ ẹni tó ni ìka yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e.

Ọmọ ọdún méje ni Àrínọlá lọ́jọ́ tó sáré wọ Ilé Ìnurin wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun gba ipò kìíní. Ẹ̀rọ ìnurin ń yí lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, kò sì tètè pa á. Ọmọ náà ní òun fẹ́ fi ìka tọ́ka sí orúkọ òun lórí ìwé han ìyá òun, ó na ọwọ́, ẹ̀rọ sì mú un. Nígbà tí ojú rẹ̀ jinná, Àrínọlá sọ ìka náà di ohun yẹ̀yẹ́. Bí ó bá fẹ́ nǹkan lórí pẹpẹ, yóò fi í tọ́ka sí i, yóò ní, "Ìka tèmi ò dé ibẹ̀, màmi. Ẹ bá mi débẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá rẹ̀ a sì bá a débẹ̀, nígbà gbogbo.

Ogójì ọjọ́ sẹ́yìn ni ọkọ̀ yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọjọ́ karùn-ún àìsàn ni, torí ọkọ̀ kò tó. Ẹni tó bá dé ìdí oògùn kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó wọ̀ sábà máa ń padà wá. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ìbíyẹmí dúró lẹ́yìn ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá á. "Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín sínú àpótí," ni ọkọ̀ náà wí. "Ẹ wọlé." Àrínọlá bọ́ ìbọ̀wọ́. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó na ọwọ́ ó sì fara ti ilẹ̀kùn irin kó má baà ṣubú.

Ìyá rẹ̀ sì pariwo. Ó yẹ kó sọ pé, "Ọmọ mi, rọra." Ó yẹ kó sọ pé, "Mo wà níbí." Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ohun tó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nígbàkúùgbà tó bá rí ọwọ́ lásán lára irin: "Ọwọ́ rẹ! Àrínọlá, mú ọwọ́ rẹ kúrò lára irin!"

Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò kíá bí ẹni tí iná jó. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmi." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra wọlé. Ilẹ̀kùn tì.

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wọn mọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, ohùn kan sọ fún un lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ ti sinmi. Wọ́n sin ín sí àfonífojì bí òfin ti wí. Aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, ìyarun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sun. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ìbíyẹmí kò mọ èwo ni tirẹ̀ nínú méjèèjì, torí kò rí òkú, kò sì rí sàréè. Àwòrán wà, àmọ́ àwòrán kò ṣeé dì mú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣa èèpo ẹyin yẹn lórí ibùsùn rẹ̀, ojoojúmọ́.

Ọwọ́ náà ló wá dúró síwájú rẹ̀ yìí. Ó ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó sì rí ìdí rẹ̀. Iyọ̀ inú òógùn ibà ti gbẹ síbẹ̀, oòrùn ogójì ọjọ́ sì ti sè é mọ́ ọn. Irin ti jẹ. Ihò wẹ́wẹ́ pupa rúsúrúsú ló to ara wọn jọ, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka. Irin tí wọ́n ní kì í dógùn-ún dógùn-ún fún ọmọ rẹ̀.

"Ìbíyẹmí."

Ó yí padà. Bàbá Dúnní ni, ọ̀gá Ilé Ìnurin, ọkùnrin gíga tó lè rí àbàwọ́n lára omi mímu. Ilé rẹ̀ kò ju ẹ̀yìn ògiri lọ. Kò sùn, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo ni ara Ìyá Dúnní?"

"Ó ń gbóná sí i ni. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta." Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ̀. "Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó yẹ kí ọkọ̀ yìí ti gbéra. Kí ló dá ọ dúró? Ìwọ tó o máa ń nu méjì kí ẹlòmíràn tó nu ọ̀kan!"

"Ilẹ̀kùn yìí ló ní àbàwọ́n."

"Àbàwọ́n wo ló wà lókè eèpẹ̀ tó lè borí rẹ? Jẹ́ n wò ó."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Màá ṣe é."

Ṣùgbọ́n ó ti ká aṣọ náà kúrò.

Òun ló gbé Àrínọlá pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ̀wù náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní títí ọmọ yóò fi rẹ́rìn-ín. Kò ṣòro fún un láti mọ ìka yẹn.

"Ìyá Àrínọlá," ni ó wí.

Láti ìgbà tí ọmọ ti kú, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Wọ́n rò pé àánú ni àwọn ń ṣe é. Ìbíyẹmí gbọ́ orúkọ náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Mosúnmọ́lá ti sún mọ́ wọn. Ó rí ọwọ́ náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá Dúnní tẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé pé irin ti kú, pé kò ṣeé nù mọ́. Ta ni yóò já mi nírọ́? Ọ̀dọ̀ mi ni irin tó bá kú ń kọjá. A ó tú ilẹ̀kùn náà, a ó gbé e fún ọ, wàá gbé e sílé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ilẹ̀kùn tuntun ńkọ́?"

"Yóò dé láti ilé ìyọ́rin."

"Nígbà wo?"

Bàbá Dúnní tún wo ojú ọ̀run.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn máa ń gbà, Bàbá Dúnní. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìyá Dúnní ńkọ́?"

"Ọkọ̀ kejì lè dé lọ́la." Ó wo ẹ̀yìn ògiri, síbi ilé rẹ̀. "Ọlọ́run ń bẹ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!" Ìbíyẹmí pariwo mọ́ ọ̀gá rẹ̀, gbogbo anurin sì gbójú sókè. "Ọlọ́run wà nígbà tèmi náà. Ọkọ̀ ni kò sí." Ó mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀la ni ọjọ́ kẹrin. Ẹ lọ múra fún ìyàwó yín."

"O ò ní bínú sí mi? Lọ́jọ́ iwájú?"

"N ò mọ̀, sà. Ẹ lọ."

Ó lọ. Ó ń sáré, ó ń wẹ̀yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé Ìbíyẹmí jẹ́ ẹni mímọ́. Bó ti ń mú sáńpépà jáde nínú àpò, ọgbọ́n mìíràn ń yí lórí rẹ̀. Awò a máa ṣírò dídán ilẹ̀kùn pọ̀ lápapọ̀ ni. Bí ó bá nu etí ilẹ̀kùn kọjá bó ti yẹ, kí ó mọ́lẹ̀ gan-an, awò lè gbà fún un kí ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo anurin mọ ọgbọ́n yìí, kò sì sẹ́ni tó ń dá a. Irin tó bá jẹ di ihò lójú àwọn ọkọ̀ yòókù, ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn gan-an ni Ìyá Dúnní yóò sì jókòó sí. Ó rò ó títí, ojú sì tì í. Ó pa èrò náà tì.

"Ṣé kí n bá yín ṣe é, màmá?" ni Mosúnmọ́lá béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ lọ jókòó. Ẹ̀rọ lásán ni, ìṣẹ́jú kan ni."

"Ẹ̀rọ kọ́," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ̀rọ ti mú nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ni n óò fi nù ún."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Mosúnmọ́lá mí ìmí ẹ̀rù. Lára ògiri lókè orí wọn, lẹ́tà ńláńlá ń wí pé ỌWỌ́ LÁSÁN KÒ GBỌDỌ̀ KAN IRIN. Ìbíyẹmí gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀, ìka lé ìka. Kò fi ọwọ́ lásán kan irin rí láti ìgbà tó ti wà láyé iṣẹ́. Ó ti rò pé yóò tutù. Oòrùn ti yá sí i láti àárọ̀, ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ara ènìyàn.

"Dì í mú, ọmọ mi," ni ó wí. "Dì í mú dáadáa. Màmi ò bínú. Irin lásán ni, irin ni mo pè ní nǹkan." Ó sunkún níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, láìfi aṣọ bojú, bí obìnrin tó pàdánù ọmọ ṣe ń sunkún. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó fi omi rin sáńpépà, ó tẹ̀ lé ibi tí irin sùn sí, láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Àtàǹpàkò tẹ̀ lé e. Ó dárúkọ ohun kan fún ìka kọ̀ọ̀kan kó tó nù ún: èyí tó máa ń fi bọ imú rẹ̀ ní kékeré, èyí tó fi òrùka ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí tó sì sọnù. Ó kan ìka kúkurú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìka tèmi ò dé ibẹ̀," ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó sì nù ún.

Ó fi ìpara pa ojú ibẹ̀, ó fi aṣọ òwú dan án títí aṣọ náà fi dúdú. Ó gbé awò lé e. Iná aláwọ̀ ewé tàn. "Ó dán," ni ohùn náà wí. "Ọkọ̀ yìí lè jáde." Ìbíyẹmí wo ilẹ̀kùn náà. Ó mọ́ gaara. Ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí níbẹ̀, ojú obìnrin tó ti darúgbó ju ti ogójì ọjọ́ sẹ́yìn lọ.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ yí lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, gbogbo anurin sì tẹ̀ lé e dé ìlà funfun. Oòrùn kò tíì kan àtàrí. Ìyá Dúnní jáde láti inú ilé, òun nìkan, torí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ di í mú. Ìró rẹ̀ ti rin gbindin fún òógùn. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìlà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni pé ó lè ti ibẹ̀ gbé e.

"Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín sínú àpótí," ni ọkọ̀ wí. "Ẹ wọlé."

Ó bọ́ wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé irin. Ó dá a dúró lófuurufú. Ìyàwó ọ̀gá anurin ni, kì í ṣe òní ló ti mọ òfin. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì ń wo ojú wọn bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ìbíyẹmí rí i tí ẹnu Bàbá Dúnní là. Ó mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé lẹ́nu gbogbo wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìyá Dúnní!" Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ dì í mú! Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú!"

Obìnrin náà wò ó. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Dì í mú, Àṣàkẹ́," ni Bàbá Dúnní wí. "Mo wà níbí. Rọra."

Ìyá Dúnní fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé irin dídán náà, ó fara tì í, ó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ara rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn tì. "Àbàwọ́n díẹ̀ wà," ni ọkọ̀ náà wí fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn tútù kò tíì jẹ irin débi tí yóò fi dá a dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Wọ́n ń wo ọwọ́ méjì náà lára ilẹ̀kùn títí ọ̀nà fi yí.

Mosúnmọ́lá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti mú aṣọ ìnurin dání láìmọ̀, nítorí iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára.

"Bí ọkọ̀ náà bá padà dé ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ta ni yóò nu ìyẹn?"

"Ìyá Dúnní fúnra rẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí. "Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni."

Ó ká aṣọ òwú dúdú tó fi nu ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó kì í bọ àyà, ó sì padà sídìí iṣẹ́.